Ìdènà Oyún fún Ẹni tí Wọ́n Lè Fipá Bá Lò Pọ̀: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Ẹ̀kọ́ Ìjọ Kátólíìkì

Ọ̀pọ̀ Kátólíìkì ló gbà pé Ìjọ kò fàyè gba ìdènà oyún lọ́nàkọnà, wọ́n sì ti ibẹ̀ dé orí èrò pé obìnrin tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ kò ní ohun tó lè ṣe ju kó káwọ́ gbera, kó máa wo ohun tí yóò tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn òbí, nọ́ọ̀sì, olùtọ́jú àti àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn gan-an máa ń béèrè jù lọ.

Kí gan-an ni Ìjọ kọ̀ nígbà tó sọ pé òun kò fara mọ́ ìdènà oyún?

Póòpù Pius Kọkànlá ti sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ ní ọdún 1930, ṣùgbọ́n ìwé tí gbogbo ènìyàn máa ń tọ́ka sí ni Humanae Vitae, èyí tí Póòpù Paul Kẹfà fọwọ́ sí ní ọjọ́ 25 oṣù keje ọdún 1968. Àwọn tọkọtaya ni ìwé náà ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní ìbálòpọ̀ ọkọ àti aya ní ìtumọ̀ méjì tí Ọlọ́run so pọ̀, ìyẹn ìṣọ̀kan àwọn méjèèjì àti ọmọ bíbí, àti pé ènìyàn kò gbọdọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ já ìdè tó wà láàárín wọn. Nítorí náà, ní ìpínrọ̀ 14, ó kọ ohunkóhun tí wọ́n bá ṣe ṣáájú ìbálòpọ̀, tàbí nígbà tó ń lọ lọ́wọ́, tàbí lẹ́yìn rẹ̀, tó bá jẹ́ pé torí kí oyún má baà dúró ni wọ́n ṣe ṣe é. Ìpínrọ̀ 15 wá fi kún un pé kò sí ohun tó burú nínú oògùn tí ènìyàn ń lò láti wo àìsàn, bí oògùn náà bá tilẹ̀ ń dènà oyún, tí kò bá ti jẹ́ pé ìdènà yẹn gan-an ni wọ́n ń wá. Obìnrin tí dókítà kọ oògùn họ́mónù fún nítorí nǹkan oṣù tó ń ya jù kò rú òfin kankan. Ẹni tó bá ka ìpínrọ̀ méjèèjì pọ̀ yóò rí i pé Ìjọ kò bá oògùn inú páálí jà. Ohun tí ènìyàn ní lọ́kàn láti fi í ṣe ni Ìjọ ń wò, àti irú ìbálòpọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà dá lé.

Kí ló mú kí ọ̀ràn ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ yàtọ̀?

Obìnrin yìí kò yan ìbálòpọ̀ kankan. Ẹ̀kọ́ Humanae Vitae dúró lórí pé ẹni méjì fi ara wọn fún ara wọn tìfẹ́tìfẹ́, wọ́n wá fẹ́ fa ọwọ́ ọmọ bíbí sẹ́yìn nínú ohun tí wọ́n fún ara wọn. Níbi tí wọ́n ti fipá mú ènìyàn, kò sí ohun tí ó fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà kò sí ohun tó ń fà sẹ́yìn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i jẹ́ ìkọlù, ìkọlù náà kò sì parí nígbà tí ẹni ibi náà dìde kúrò níbẹ̀, nítorí àtọ̀ ọkùnrin lè wà láàyè nínú ara obìnrin fún ọjọ́ márùn-ún. Bí ó ti ní ẹ̀tọ́ láti ti ọkùnrin náà dànù, láti bù ú jẹ, láti sá, bẹ́ẹ̀ náà ló ní ẹ̀tọ́ láti dá ohun tí ọkùnrin náà fi sí i lára dúró kó tó kan ẹyin. Ẹ̀kọ́ lórí gbígbèjà ara ẹni ti wà nínú Ìjọ tipẹ́, Tọ́másì mímọ́ ti Aquino sì ti ṣe àlàyé rẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹtàlá.

Àwọn kan máa ń ṣàlàyé rẹ̀ lọ́nà mìíràn, wọ́n ní ìdènà oyún ṣì jẹ́ ibi, ṣùgbọ́n pé nínú ibi méjì, Ìjọ ní ká mú èyí tó kéré. Mo rò pé àlàyé yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìjọ kò kọ́ ẹnikẹ́ni rí pé kó ṣe ibi kí rere lè ti ibẹ̀ wá, àlàyé náà sì máa ń fi obìnrin tí kò ṣe nǹkan kan sílẹ̀ pẹ̀lú èrò pé òun náà ṣe ibi díẹ̀. Obìnrin tó gbèjà ara rẹ̀ kò mú ibi kankan, ì báà ṣe kékeré.

Ṣé òótọ́ ni pé Póòpù gba àwọn sístà ní Kóńgò láyè láti lo oògùn ìdènà oyún?

Ìtàn yìí ti rìn jìnnà, ó sì ti gba àwọ̀ lọ́nà. Kóńgò gba òmìnira lọ́wọ́ Bẹ́ljíọ̀mù ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 1960, rògbòdìyàn sì bẹ́ sílẹ̀ láìpẹ́ rárá. Wọ́n fipá bá àwọn obìnrin lò pọ̀, àwọn sístà tó wà ní ibi iṣẹ́ ìránṣẹ́ sì wà nínú wọn. Ìbéèrè tó dìde ni pé bí sístà bá mọ̀ pé ewu náà súnmọ́lé, ṣé ó lè lo oògùn tí kò ní jẹ́ kí ẹyin já kí ìkọlù tó dé? Ní oṣù kejìlá ọdún 1961, àwọn onímọ̀ ìwà rere mẹ́ta tí orúkọ wọn tóbi ní Róòmù dáhùn nínú ìwé àtìgbàdégbà kan tó ń jẹ́ Studi Cattolici: Pietro Palazzini, tó di kádínà lẹ́yìn náà, Francis Hürth tó jẹ́ Jẹ́súìtì, àti Ferdinando Lambruschini. Ọ̀nà tí ẹnìkọ̀ọ̀kan gbà ṣe àlàyé yàtọ̀, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni wọ́n já sí: ó lè lò ó.

Póòpù John Kẹtàlélógún ló wà lórí oyè nígbà náà. Oṣù kẹfà ọdún 1963 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yan Paul Kẹfà. Nígbà tí Póòpù Francis ń bọ̀ láti Mẹ́síkò ní oṣù kejì ọdún 2016, tí àwọn oníròyìn bi í léèrè nípa àrùn Zika àti ìdènà oyún nínú ọkọ̀ òfurufú, ó sọ pé Paul Kẹfà gba àwọn sístà láyè ní Áfíríkà nígbà ìwà ipá. Àmọ́ àwọn tó mọ ìtàn náà dunjú kò rí ìwé àṣẹ kan tí póòpù kankan fọwọ́ sí. Ohun tó wà nílẹ̀ ni èsì àwọn onímọ̀ mẹ́ta yẹn, tí Róòmù kò dá lẹ́bi, tí wọn kò sì fi ìyà jẹ ẹnikẹ́ni nítorí rẹ̀. Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn tó ń pe ìdáhùn yẹn ní ọgbọ́n àyínìke fọkàn sí. Lambruschini yìí kan náà ni Vatican yàn láti gbé Humanae Vitae jáde níwájú àwọn oníròyìn ní oṣù keje ọdún 1968. Ẹni tó fàyè gba oògùn fún àwọn sístà ní ọdún 1961 ló dúró láti ṣàlàyé ìwé tó kọ ìdènà oyún fún àwọn tọkọtaya, kò sì rí i pé òun ń tako ara òun.

Bí ìkọlù bá ti ṣẹlẹ̀, kí ni ilé ìwòsàn Kátólíìkì lè ṣe?

Ìlànà tó ṣe kedere jù lọ ni ti àwọn bíṣọ́ọ̀bù Amẹ́ríkà fún iṣẹ́ ìlera Kátólíìkì, nínú ìlànà kẹrìndínlógójì. Ó kọ́kọ́ sọ pé kí wọ́n fi àánú àti òye tọ́jú ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sì bá àwọn agbófinró ṣiṣẹ́ pọ̀. Ó wá sọ pé ó yẹ kí obìnrin náà lè gbèjà ara rẹ̀ lọ́wọ́ oyún tó lè ti ibẹ̀ wá: bí àyẹ̀wò tó yẹ bá fi hàn pé kò sí àmì pé ó ti lóyún, wọ́n lè fún un ní oògùn tí kò ní jẹ́ kí ẹyin já, tàbí tí kò ní jẹ́ kí àtọ̀ lágbára láti dé ibi ẹyin, tàbí tí kò ní jẹ́ kí àtọ̀ àti ẹyin pàdé. Ohun tí wọn kò gbọdọ̀ ṣe ni kí wọ́n fún un ní ohun tó máa lé ẹyin tó ti gba àtọ̀ jáde, tàbí tó máa pa á, tàbí tí kò ní jẹ́ kó fara mọ́ ilé ọmọ. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Áílándì ti sọ ohun tó jọ èyí láti ọdún 1986 nípasẹ̀ ìgbìmọ̀ tí wọ́n yàn fún ọ̀rọ̀ ìlera.

Ní yàrá àyẹ̀wò, báyìí ló máa ń rí. Nọ́ọ̀sì á gba ìtọ̀ obìnrin náà sínú ife kékeré, á fi wo bóyá ó ti lóyún ṣáájú ìkọlù. Ní àwọn ilé ìwòsàn kan, wọ́n á fi ìtọ̀ kan náà wo họ́mónù LH, tó máa ń ga sókè ní nǹkan bí ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan àbọ̀ kí ẹyin tó já. Wọ́n á bi í léèrè ọjọ́ tí nǹkan oṣù rẹ̀ dé kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni oògùn, èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ nínú wọn jẹ́ hóró kan ṣoṣo tó ní mílígíráàmù 1.5 levonorgestrel nínú, tí wọ́n gbọ́dọ̀ lò láàárín wákàtí 72, tó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa sí i bí wọ́n bá ṣe tètè lò ó tó. Láàárín wákàtí 72 yẹn náà ni oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ìbéèrè ìwà rere kankan lórí ìyẹn. Ẹni tó bá ń ṣiyè méjì nípa ohun tí fadá máa sọ, kó kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn. Aago kò ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Ṣé oògùn yẹn kì í ṣẹ́yún?

Orí kókó yìí ni gbogbo àríyànjiyàn dúró lé láàárín àwọn Kátólíìkì fúnra wọn. Ìjọ kọ́ wa pé láti ìgbà tí àtọ̀ bá ti wọnú ẹyin ni a ti gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún ẹ̀mí ọmọ ènìyàn. Nítorí náà, oògùn tó dá ẹyin dúró kó má já wà ní ìhà kan, èyí tó lé ẹyin tó ti gba àtọ̀ kúrò wà ní ìhà kejì, òtítọ́ tí sáyẹ́ǹsì bá sọ ló sì máa pinnu ìhà tí oògùn kan wà. Ní ọdún 2000, Ilé Ẹ̀kọ́ Gíga ti Póòpù fún Ìyè gbé ọ̀rọ̀ jáde lòdì sí oògùn ọjọ́ kejì ìbálòpọ̀, nítorí wọ́n gbà nígbà náà pé ohun tó ń ṣe ni pé kò jẹ́ kí ẹyin tó ti gba àtọ̀ fara mọ́ ilé ọmọ. Ìwé Dignitas Personae tí Vatican gbé jáde ní ọdún 2008 náà kìlọ̀ lórí irú oògùn bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà náà, ìwádìí ti pọ̀ sí i. Ohun tí levonorgestrel ń ṣe gan-an ni pé ó ń dá jíjá ẹyin dúró tàbí kó sún un síwájú, bí wọ́n bá lò ó kí họ́mónù LH tó ga. Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà yí àlàyé tó wà lára páálí rẹ̀ padà, wọ́n sì yọ ọ̀rọ̀ tó sọ pé ó lè dí ẹyin lọ́wọ́ láti fara mọ́ ilé ọmọ. Síbẹ̀, àwọn onímọ̀ Kátólíìkì kan ṣì ń sọ pé bí wọ́n bá lò ó ní ọjọ́ tó kángun sí jíjá ẹyin, tí ẹyin sì já síbẹ̀síbẹ̀, kò dájú pé kò ní ipa kankan lẹ́yìn náà. Ìdí nìyí tí àwọn ilé ìwòsàn kan fi ń wo LH, tí wọn kì í sì í fún obìnrin ní oògùn náà bó bá ti ga. Àwọn mìíràn ní àyẹ̀wò oyún lásán ti tó. Ní ọdún 2007, nígbà tí òfin ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà kò fàyè gba àyẹ̀wò jíjá ẹyin gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n lè torí rẹ̀ du obìnrin ní oògùn, àwọn bíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ gbà pé kí àwọn ilé ìwòsàn wọn máa fún un, nítorí iyèméjì tó wà lórí bí oògùn náà ṣe ń ṣiṣẹ́.

Èmi fara mọ́ àwọn tó ní àyẹ̀wò oyún tó. Iyèméjì tó kéré tó bẹ́ẹ̀ kò tó ohun tí a lè fi ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe léṣe. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àwọn ọlọ́kàn tútù wà ní ìhà kejì, Róòmù kò sì tíì dá ẹjọ́ náà.

Ulipristal àti ohun oníkọ́pà tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ ńkọ́?

Lórí ulipristal, oògùn ìdènà oyún mìíràn tí wọ́n lè lò títí di wákàtí 120 lẹ́yìn ìbálòpọ̀, àwọn onímọ̀ Kátólíìkì ṣọ́ra ju ti levonorgestrel lọ, torí pé bí wọ́n ṣe ṣe é jọ mifepristone tí wọ́n fi ń ṣẹ́yún. Ohun oníkọ́pà náà lè dí ẹyin tó ti gba àtọ̀ lọ́wọ́ láti fara mọ́ ilé ọmọ, nítorí náà ìlànà Ìjọ kò gbà á lẹ́yìn ìkọlù.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Cologne?

Ní oṣù kejìlá ọdún 2012, ilé ìwòsàn Kátólíìkì méjì ní ìlú Cologne ní Jámánì kọ̀ láti gba ọ̀dọ́bìnrin kan wọlé, ẹni tí wọ́n fura pé wọ́n fún ní oògùn orun kí wọ́n tó fipá bá a lò pọ̀. Wọn kò tilẹ̀ ṣe àyẹ̀wò ara tí yóò jẹ́ ẹ̀rí fún un, nítorí wọ́n bẹ̀rù pé àyẹ̀wò náà máa mú ọ̀rọ̀ oògùn ìdènà oyún wá. Nígbà tí ìròyìn náà jáde ní oṣù kìíní ọdún 2013, ìbínú àwọn ará ìlú ru sókè. Kádínà Joachim Meisner, tó jẹ́ ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí alágídí lórí ẹ̀kọ́ Ìjọ, tọrọ àforíjì, ó sì kéde pé bí oògùn náà bá jẹ́ èyí tó ń dènà kí àtọ̀ àti ẹyin pàdé, wọ́n lè lò ó fún ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀. Nígbà tí àpapọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù Jámánì péjọ ní Trier ní oṣù kejì, wọ́n fara mọ́ ọn. Ẹ̀kọ́ náà ti wà nílẹ̀ fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò wọn ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Áílándì nígbà náà. Àìmọ̀ ló lé obìnrin yẹn lọ.

Ẹni tí wọn kò tíì kọ lù, ṣùgbọ́n tí ewu wà fún, ṣé òun náà lè lo oògùn ṣáájú?

Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀ràn àwọn sístà Kóńgò gan-an nìyẹn. Ìdáhùn kan náà ló kan obìnrin tó ń sá fún ogun, ẹni tó ń gba ọ̀nà tí àwọn afẹ̀míwewu ń kó ènìyàn gbà kọjá ààlà orílẹ̀-èdè, obìnrin tó wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n, tàbí sójà tí ọ̀tá lè mú. Ewu náà gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́, kí oògùn náà sì jẹ́ èyí tó ń dá ẹyin dúró. Ẹni tó bá fẹ́ láti bá ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ lò pọ̀, tó wá ń sọ pé nítorí ìfipábánilòpọ̀ ni òun ṣe ń lò ó, òun ló mọ ohun tó wà lọ́kàn ara rẹ̀.

Ọmọbìnrin wa ní àìpé ọpọlọ, ilé ìtọ́jú ló sì ń gbé. Ṣé a lè fún un ní oògùn ìdènà oyún?

Nínú gbogbo ìbéèrè wọ̀nyí, èyí ló le jù lójú mi. Obìnrin tí kò lè lóye ohun tí ìbálòpọ̀ jẹ́ kò lè fọwọ́ sí i, nítorí náà ẹni tó bá bá a lò pọ̀ fipá mú un ni, bí kò tilẹ̀ pariwo. Ẹ̀kọ́ lórí gbígbèjà ara ẹni kàn án nígbà náà, àwọn òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ sì lè gbèjà rẹ̀ níbi tí òun kò ti lè gbèjà ara rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn onímọ̀ ìwà rere gba oògùn náà láyè lórí ìpìlẹ̀ yìí.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí oògùn náà kò lè ṣe. Kò lè dá ọwọ́ ẹnikẹ́ni dúró. Kò lè dènà àrùn. Bí ẹni tó ń hùwà ìkà sí i bá jẹ́ olùtọ́jú tàbí mọ̀lẹ́bí, bó sì ti máa ń rí nìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà, oyún tí kò ní hàn lè jẹ́ kí ẹni náà máa bá ìwà rẹ̀ lọ láìsí ẹni tó máa mọ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Kí ìdílé tó béèrè oògùn, kí wọ́n béèrè ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́, ẹni tó ń sùn nítòsí yàrá rẹ̀ lóru, bóyá ilẹ̀kùn yàrá náà ní kọ́kọ́rọ́ àti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti ohun tó fà á tí ọmọ náà fi ń sunkún bí òṣìṣẹ́ kan bá ti wọlé. Níbi tí ìfura bá ti wà, ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni láti mú un kúrò níbẹ̀, kí wọ́n sì fi tó àwọn agbófinró létí.

Iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kó lè bímọ mọ́ títí láé jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Róòmù kọ irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1940, ó sì tún un sọ ní ọdún 1975. Iṣẹ́ abẹ náà ń gba ohun kan lára ọmọbìnrin náà tí kò ní padà mọ́ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹlòmíràn lè dá.

Bó bá jẹ́ ọkọ ló ń fipá bá aya rẹ̀ lò pọ̀ ńkọ́?

Humanae Vitae fúnra rẹ̀, ní ìpínrọ̀ 13, sọ pé ìbálòpọ̀ tí ọkọ tàbí aya bá fi tipátipá mú ẹnì kejì ṣe, láìka ipò tí ẹni náà wà tàbí ohun tó fẹ́ sí, kì í ṣe iṣẹ́ ìfẹ́ tòótọ́. Àwọn onímọ̀ kan ti ibẹ̀ sọ pé aya náà lè gbèjà ara rẹ̀ bí ẹlòmíràn. Àwọn mìíràn ń lọ́ra, nítorí wọ́n bẹ̀rù pé kí á má sọ gbogbo ìjà inú ilé di àwáwí. Lójú tèmi, níbi tí ìwà ipá bá ti dájú, ìgbéyàwó kò sọ ìkọlù di ìfẹ́, kò sì gba ẹ̀tọ́ ìgbèjà kúrò lọ́wọ́ obìnrin náà. Ìjọ tún gbà pé ó lè kúrò nílé bí ẹ̀mí rẹ̀ tàbí ti àwọn ọmọ bá wà nínú ewu.

Bí oyún bá ti wà ńkọ́?

Níbẹ̀ ni Ìjọ kò ti yẹsẹ̀. Ẹni kẹta ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà, tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ní oṣù kejì ọdún 1993, nígbà tí ogun ń lọ ní Bosnia tí àwọn ọmọ ogun sì ń fipá bá àwọn obìnrin lò pọ̀, Póòpù John Paul Kejì kọ lẹ́tà sí Àkọ́bíṣọ́ọ̀bù Vinko Puljić ti Sarajevo. Ó ní ọmọ inú náà kò ní ẹ̀bi kankan, a kò sì lè kà á sí ẹni tó kọ luni, ó sì rọ gbogbo ìjọ àti ìdílé láti dúró ti àwọn obìnrin náà. Apá kejì yìí ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé. Ìjọ tó bá ní kí obìnrin gbé irú oyún bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wá ibi tó máa gbé, oúnjẹ tó máa jẹ, dókítà tó máa tọ́jú rẹ̀ àti ìdílé tó máa gba ọmọ náà tọ́ bí ìyá rẹ̀ kò bá lè tọ́ ọ.

Ṣé ó yẹ kí ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ lọ jẹ́wọ́ rẹ̀ fún fadá?

Rárá. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀ tó máa jẹ́wọ́. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Gótì kó Róòmù ní ọdún 410, tí wọ́n fipá bá àwọn obìnrin onígbàgbọ́ lò pọ̀, Ọ́gọ́sítínì mímọ́ kọ̀wé láti gbèjà wọn. Ó ní ìwà mímọ́ ń gbé inú ọkàn, pé ohun tí ẹlòmíràn bá fi ara ènìyàn ṣe láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí i kò lè gbà á lọ. Bó bá fẹ́ bá fadá sọ̀rọ̀ nítorí ọkàn rẹ̀ tó gbọgbẹ́, kó lọ, kó sì mú ẹni tó fọkàn tán dání. Fadá tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ náà ti ṣe ohun tí Ìjọ kò rán an, obìnrin náà sì lè dìde kó wá fadá mìíràn lọ.